Aago Ọjà, Aago Abẹ́rẹ́: Ọjọ́ Kan Lẹ́nu Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Ọmọdé Tuntun ní Treichville

Ní Treichville, ní gúúsù ọ̀sà Abidjan, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti ilé ìwòsàn ńlá tí ìmọ̀ náà ti ń di iṣẹ́ wà ní àdúgbò kan náà. INFAS, iléèwé ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 fún nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn, wà níbẹ̀. CHU Treichville, ilé ìwòsàn yunifásítì, wà níbẹ̀. Ọjà ńlá, Grand Marché, náà wà níbẹ̀. Àwọn tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni àwọn ìyá tó pọnmọ tí wọ́n sì ń tajà.

Ọjọ́ tí a fẹ́ tẹ̀ lé yìí kò ní déètì nínú kàlẹ́ńdà, nọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kò sì lórúkọ. A tò ó jọ láti ara bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń lọ, wákàtí dé wákàtí, ní oṣù Okúdù tí òjò Abidjan kì í fẹ́ dá. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ fi hàn: ẹni tó bá máa tọ́jú ọmọ oníṣòwò gbọ́dọ̀ mọ aago ọjà, àgbà tó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀ nìkan ló sì lè kọ́ ọ.

Aago 5 ìdájí

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọkọ̀ ẹrù ti ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja sílẹ̀ láyìíká Grand Marché. Àwọn alábàárù ń sáré, wọ́n ń lé ènìyàn kúrò lọ́nà ní èdè Júlà àti Faransé. Lára àwọn tó ti ń ṣí ìsọ̀ ni àwọn ìyá Yorùbá, àwọn tí ará Abidjan ń pè ní Ànàgó, tí Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jẹ́ ilé baba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Aago mẹ́fà ti lù ní Èjìgbò ní tiwọn, nítorí Abidjan fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí fóònù ilé fi máa ń dún kí oníṣòwò tó bọ́jú tán.

Ìyá Ìbejì, bí a ó ṣe máa pè é, ń ta àǹkárá. Ìdòwú, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wúkọ́ láti ìjẹta. Ìwé ìlera ọmọ náà sọ pé ọ̀sẹ̀ yìí ni yóò gba àjẹsára èèyi àti ti ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Ìyá rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni àwọn alájàpá tó ń ra aṣọ lọ sí ìlú mìíràn máa ń wọlé, wọn kì í sì í dúró de ẹni tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò bá sí ní ìsọ̀ ní àárọ̀ ti pàdánù ọjọ́ náà.

Aago 6:30

Nọ́ọ̀sì tuntun wà nínú bọ́ọ̀sì SOTRA lórí afárá Houphouët-Boigny, èyí tó ti so Plateau mọ́ Treichville láti 1957. Aṣọ funfun rẹ̀ ṣì ń dán. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ̀rù àkísà tí kò ní yìí ló ń bà á.

Ọdún mẹ́ta ló lò ní INFAS. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀, *infirmier diplômé d'État*, jẹ́ ti nọ́ọ̀sì gbogbogbòò: àgbàlagbà, ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ọmọdé, gbogbo wọn ló fọwọ́ bà. Ní Nàìjíríà náà, ẹni tó bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì ọmọdé pàtó yóò kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, kó tó padà sí iléèwé fún ìmọ̀ àkànṣe. Ọ̀tọ̀ ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì Yorùbá ti ń jẹun. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè yan ẹ̀ka ọmọdé láti ọjọ́ tó bá wọlé. Bó bá sì jáde, NMC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti gbé ìlànà jáde ní 2020 lórí bí ó ṣe yẹ kí àgbà máa ti ẹni tuntun lẹ́yìn. Níbi tí kò bá sí irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá bá lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò sọ bí ìmọ̀ rẹ̀ nípa ọmọdé yóò ṣe tó. Nọ́ọ̀sì wa ṣoríire. Àgbà nọ́ọ̀sì kan wà ní ibùdó ìlera tí wọ́n gbé e sí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tantie.

Aago 7:30

Ìkíni kò tíì tán tí Tantie fi mú un lọ sídìí fíríìjì àjẹsára. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń ka ìwọ̀n òtútù rẹ̀ sílẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò láàárín digíríì 2 sí 8. Bó bá gbóná jù, àjẹsára á bàjẹ́. Bó bá di yìnyín, àwọn kan nínú wọn á bàjẹ́ tí ojú kò sì ní tètè rí i.

Tantie kó ìgò mẹ́rin sí i lọ́wọ́, ó ní kí ó tò wọ́n bí wọn yóò ṣe lò wọ́n tẹ̀ léra. Ọmọbìnrin náà ka ọjọ́ tí ìgò kọ̀ọ̀kan máa kọjá àkókò, ó fi èyí tí tirẹ̀ súnmọ́ jù síwájú. Tantie wò wọ́n, ó sì pààrọ̀ méjì. Ó fi ìka sí àmì róbótó kékeré tó wà lára ìgò, tí igun mẹ́rin kan wà láàárín rẹ̀. Bí ooru bá ṣe ń mú ìgò tó ni igun mẹ́rin náà ṣe ń dúdú tó; bó bá ti dúdú bíi ti àyíká rẹ̀, dídànù ló kù. Èyí tó ti ń dúdú ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kódà bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára bá ṣì jìnnà. Àwòrán àmì yìí wà nínú ìwé tó kà ní INFAS. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n ni.

Aago 8:30

Ìlà ti gùn. Àwọn ìyá ń bọ́ aṣọ ọmọ fún òṣùwọ̀n, ọmọ kan ń ké, mẹ́ta ń bá a gbè é. Tantie bi nọ́ọ̀sì tuntun léèrè pé ta ni kò sí nínú ìlà yìí. Ọmọbìnrin náà wò títí, kò rí èsì. Tantie ní kí ó wo ọwọ́ wọn: kò sí ìyá kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn ẹja, kò sí èyí tó so àpò owó ọjà mọ́dìí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ tí ibùdó ń ṣí fún abẹ́rẹ́ gan-an ni ọjà ń gbóná.

Ìwé ìlera tí ìyá kọ̀ọ̀kan mú dání ní ìtàn tó kàn wá. Ní 1956, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé Wesley Guild Hospital ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé tó wà nítòsí, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì dá ibùdó kan sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nọ́ọ̀sì ló ń gba ọmọ, nọ́ọ̀sì ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ọ̀sì ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Káàdì tí wọ́n fi ń ya ìlà ìdàgbàsókè ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá, kò sí nínú àpótí ilé ìwòsàn, nítorí ìyá ni kì í kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Ohun tí Morley tẹnu mọ́, tó sì fi sínú ìwé rẹ̀ *Paediatric Priorities in the Developing World* ní 1973, ni pé dókítà kò lè kárí. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ dáadáa, tí àgbà sì ń bẹ̀ wò déédéé, ló lè dúró láàárín ọmọdé àti ikú.

Aago 9:40

Ọmọ oṣù mẹ́jọ kan ń wúkọ́. WHO àti UNICEF ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní PCIME, láti fi tọ́ nọ́ọ̀sì sọ́nà níbi tí dókítà kò sí. Ìbéèrè mẹ́rin ló ṣáájú: ṣé ọmọ kò lè mu ọmú tàbí omi? Ṣé gbogbo ohun tó bá mu ló ń bì? Ṣé giri ti mú un? Ṣé ara rẹ̀ rọ jọ̀bọ̀tọ̀, tàbí kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀? Ọ̀kan péré tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá lọ́gán.

Kò sí ìkankan. Ó kan mímí. Nọ́ọ̀sì tuntun wo àyà ọmọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, ó ka 28, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 56. Ọmọ tó ti pé oṣù méjì tí kò tíì pé ọdún kan, tó bá mí tó 50 nínú ìṣẹ́jú kan, òtútù àyà ni ìlànà pè é. Ó ti ń na ọwọ́ sí oògùn amoxicillin.

"Dúró," ni Tantie wí. "Ọmọ tó ń ké lo kà yẹn."

Wọ́n jẹ́ kí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n. Nígbà tó sinmi, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ká aṣọ rẹ̀ sókè, wọ́n sì kà fún ìṣẹ́jú kan gbáko: 46. Ihò abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ kò sì wọnú bó ṣe ń mí. Òtútù lásán ni. Ọmọ náà lọ sílé láìmu oògùn tí kò nílò, ìyá rẹ̀ sì mọ àmì tó gbọ́dọ̀ mú un padà wá kíákíá. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá àgbà nọ́ọ̀sì nígbà tí ìlà ṣì gùn, ohun ọ̀wọ́n ni.

Aago 11

Ara ọmọ kan gbóná. Wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ohun tí wọ́n fi ń yẹ ibà wò, wọ́n ń retí èsì. Ìyá rẹ̀ ti fún un ní ìlàjì hóró oògùn kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ olóògùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kún Abidjan. Ọjà Roxy ní Adjamé ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì tuntun ṣe ojú. Tantie ti ṣíwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ìyá, ẹ ṣé tí ẹ sọ fún wa. Aago mélòó lẹ fún un?" Ìyá tí wọ́n bá dójú tì lónìí kò ní sọ òtítọ́ lọ́la, oògùn tí nọ́ọ̀sì kò sì mọ̀ nípa rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì nínú ara ọmọ.

Wákàtí tó ti lò kọjá mẹ́fà. Ọmọ náà wọn kílò 8.4. Paracetamol jẹ́ mílígíráàmù 15 fún kílò kan: 126. Síróòpù tó wà lórí tábìlì ní mílígíráàmù 24 nínú mílílítà kan: 5.25. Nọ́ọ̀sì tuntun kọ ìṣirò náà sílẹ̀, Tantie ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ láìwo ìwé rẹ̀, wọ́n wá fi èsì wéra. Gbogbo nọ́ọ̀sì ọmọdé ló mọ ìdí rẹ̀. Fún àgbàlagbà, hóró méjì ni hóró méjì. Fún ọmọdé, ìwọ̀n ara ló ń pinnu gbogbo nǹkan, àmì ojú kékeré kan tó bá sì ṣí nípò lè sọ 8.4 di 84.

Aago 1 ọ̀sán

Òjò dé, ọjà dákẹ́. Ìyá Ìbejì gbé Ìdòwú sábẹ́ agbòjò, ó sáré wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ ti ṣe abẹ́rẹ́ tán. Àárọ̀ lẹ̀ ń ṣe é, àárọ̀ náà la sì fi ń jẹun."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó kí òjò gbẹ lára yín," ni nọ́ọ̀sì tuntun wí. Ó gbọ́ Yorùbá. Treichville ni wọ́n bí i sí, Èjìgbò ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá.

Ìṣòro méjì ló wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni ikọ́ Ìdòwú. Ó béèrè ìbéèrè mẹ́rin, ó ka mímí fún ìṣẹ́jú kan: 38. Ikọ́ kékeré kò dí àjẹsára lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n ń lé padà nítorí ikọ́ ni èèyi máa ń bá láìmúra. Èkejì le jù. Ìgò àjẹsára èèyi jẹ́ ti ọmọ mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti fi omi rẹ̀ pò ó, wákàtí mẹ́fà ló kù fún un, lẹ́yìn ìyẹn dídànù ni. Ìgò àárọ̀ ti tán. Ṣé kí ó ṣí òmíràn nítorí ọmọ kan, kí mẹ́sàn-án ṣòfò? Ní ọ̀pọ̀ ibùdó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ohun tí ìyá máa gbọ́ ni pé kó padà wá lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Kò sí ẹni tó máa bá nọ́ọ̀sì tuntun wí nítorí ọmọ tó lé padà, nítorí ọmọ tó lọ kì í sí nínú ìwé ìṣirò. Òfò oògùn ló máa ń wà níbẹ̀.

Ó yíjú sí Tantie. Tantie ní kó ṣí i. Ìlànà WHO náà sọ bẹ́ẹ̀: kí wọ́n ṣí ìgò fún ọmọ tó bá yẹ, bó jẹ́ òun nìkan ló wá. Ìyá tí òjò lé wá lónìí lè má rí òjò mìíràn.

Abẹ́rẹ́ kan sí apá ọ̀tún, èkejì sí apá òsì. Ìdòwú ké, ó dákẹ́ sórí ọmú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: àjẹsára tó gbà, ohun tó lè ṣe é nílé, ọjọ́ tí yóò padà, àti kí ìyá má ṣe sọ ìwé nù. Nígbà tó kan ọjọ́ ìpadàwá, nọ́ọ̀sì tuntun fẹ́ kọ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Tantie gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bi Ìyá Ìbejì pé ọjọ́ wo, wákàtí wo ni ọjà máa ń tutù.

Aago 2:30

Òjò dá. Tantie mú nọ́ọ̀sì tuntun lọ sọ́jà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò kan tí àwọn oníṣòwò mọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó ń darí ẹ̀ka ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí, wọ́n kí wọn, wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá. Ẹni tó bá wọ ọjà láìkí àgbà ọjà, kò sí ẹni tó máa gbé ọmọ jáde fún un.

Ọmọ wà lábẹ́ tábìlì, lórí àpò ìrẹsì, lẹ́yìn àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀kan gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti mẹ́wàá ní Abidjan kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá-àgbà rẹ̀ ní Èjìgbò. Ó ti padà báyìí, ìwé Faransé kan àti ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tuntun tẹ́ méjèèjì síwájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá ni àjẹsára márùn-ún-nínú-ọ̀kan ń bọ́ sí ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, a kì í sì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọmọ pẹ́. Ẹ̀kẹta ló kù fún un. Ní ìsọ̀ kejì, ó fi tépù yí apá ọmọ ọdún kan ká: mílímítà 121. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ 115 tó jẹ́ ti ebi líle, ṣùgbọ́n ó ti wà nísàlẹ̀ 125. Orúkọ ọmọ náà wọ ìwé àwọn tí wọ́n máa máa bẹ̀ wò.

Ní gbogbo àyíká wọn, àwọn ọ̀gá aláṣọ jókòó ti ọmọ iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá kì í fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Yóò jókòó tì í, yóò máa gbọ́ bó ṣe ń ná ọjà, yóò dá sí i nígbà tó bá fẹ́ ta àdánù, títí dọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù. Ohun tí ọjà kò jẹ́ fi aṣọ ṣe, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fi ọmọ ènìyàn ṣe é: ìwé ẹ̀rí lónìí, òru òun nìkan lọ́la.

Aago 4

Ọ̀rẹ́ nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n jọ jáde ní INFAS pè é láti CHU Treichville. Ẹ̀ka jẹjẹrẹ ọmọdé tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó wà nínú GFAOP, ẹgbẹ́ tí Jean Lemerle àti àwọn dókítà ọmọdé láti Faransé àti Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 2000 láti kọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì nípa jẹjẹrẹ ọmọdé. Àìsàn Burkitt, tó máa ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, tí Denis Burkitt ṣàpèjúwe ní Ùgáńdà ní 1958, jẹ́ ọ̀kan tí oògùn lè ṣẹ́gun bí ọmọ bá tètè dé. Nọ́ọ̀sì ló ń fi oògùn náà sí iṣan, nọ́ọ̀sì ló ń wo bí ara ṣe gbà á.

Ọmọ kan kú níbẹ̀ lówùúrọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò béèrè ìmọ̀ràn, ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́. Ẹ̀kọ́ pọ̀ lórí bí a ṣe ń bá òbí tí ọmọ rẹ̀ kú sọ̀rọ̀. Lórí ẹni tó máa bá nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ọmọ náà jókòó, ẹ̀kọ́ kò pọ̀. Ojúgbà lórí fóònù ló sábà máa ń ṣe é.

Aago 5:30

Ìyá Ìbejì ti ròyìn. Láti aago mẹ́ta ni àwọn ìyá ọjà ti ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ń ṣọ́ ìsọ̀ fún èkejì. Ìgò tí wọ́n ṣí fún Ìdòwú ti kan ọmọ márùn-ún. Wọ́n da ìyókù nù, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ka ìwọ̀n fíríìjì lẹ́ẹ̀kejì: 5.

Tantie bi nọ́ọ̀sì tuntun ní ìbéèrè mẹ́ta kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn: kí lo ṣe dáadáa, kí ló dẹ́rù bà ọ́, kí lo fẹ́ ká jọ ṣe lọ́la? Ọmọbìnrin náà ní kíka mímí dẹ́rù bà á. Wọ́n pinnu pé ọmọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ́la, àwọn méjèèjì ló máa kà wọ́n.

Aago 8 alẹ́

Iṣẹ́ yìí kò ní fúyẹ́ sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje 2024, Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọdé ní R21, àjẹsára ibà, pẹ̀lú ìwọ̀n 656,600 tí wọ́n pín fún ọmọ 250,000 ní agbègbè 16. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba á, àwọn kan nínú ìpàdé wọ̀nyí kò sì bá ọjọ́ tí ìyá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mu. Ìyá tó ń tajà ni yóò wá wákàtí náà nínú ọjọ́ tí kò ní àyè. Hôpital Mère-Enfant tó ṣí ní Bingerville ní 2018 dára, ìtọ́jú tí ìjọba sọ di ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún láti 2012 dára. Méjèèjì ń retí nọ́ọ̀sì tó lè ka mímí láìṣìṣe, tó sì mọ ìgbà tí ọjà ń tutù.

Ohun tó sọ ọjọ́ òní di rere kò pọ̀: wákàtí abẹ́rẹ́ kan ní ọ̀sán, ìrìn kan sọ́jà, àti àgbà kan tó dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Oríire ni nọ́ọ̀sì wa fi rí Tantie, a kò sì lè máa gbé ìlera ọmọ ka oríire. Kí àwọn tó ń gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́ kọ orúkọ àgbà kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tuntun, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí wọ́n sì ka wákàtí tí àgbà náà fi ń kọ́ni mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ fún un.